Ààlè, Ìbúra àti Ẹ̀rí Ọkàn: Àgbéyẹ̀wò Ipa Ìgbàgbọ́ nínú Dídín Ìwà Ọ̀daràn Kù ní Àwùjọ Yorùbá

Ìṣọníṣókí

Èrò tó gbilẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn wa ni pé bí ìgbàgbọ́ bá pọ̀ láwùjọ, ìwà ọ̀daràn yóò dín kù. Síbẹ̀, ilé ìjọsìn pọ̀ lọ jàra ní ilẹ̀ Yorùbá, olè àti gbájúẹ̀ kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ yìí lo ààlè àti ìbúra gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ láti ṣàlàyé ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ ń gbà ká ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ kò, àti ìdí tí kò fi rí i ṣe nígbà mìíràn. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ nìkan kò tó. Nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí ó tó lè dènà ìwà ọ̀daràn: ẹ̀rí ọkàn tí a tọ́ láti kékeré, àwùjọ tí ohùn rẹ̀ ṣọ̀kan lórí ohun tó jẹ́ èèwọ̀, àti ọ̀nà àtúnṣe fún ẹni tó bá ṣẹ̀. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti pé, ìgbàgbọ́ lè di irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀daràn fúnra rẹ̀.

Ìfáàrà

Nínú kíláàsì kan tí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn àbáláyé, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè pé bí a bá ní kí àwọn olóṣèlú máa fi irin Ògún búra, ǹjẹ́ wọn yóò ṣì máa kó owó ìlú jẹ? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé kò sí ẹni tí yóò dán an wò. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wá nàró, ó ní àwọn kan yóò kọ́kọ́ lọ wá ohun tí wọn yóò fi di Ògún lójú, kí wọ́n tó lọ búra. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ìbéèrè yẹn àti ìdáhùn rẹ̀ ni ó bí iṣẹ́ yìí.

Ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ kejì kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ ti kú. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi di Ògún lójú gbà pé Ògún ní ojú. Ìyẹn ni pé ènìyàn lè gbàgbọ́ tọkàntọkàn kí ó sì tún hùwà ibi, àní kí ó fi ìgbàgbọ́ ọ̀hún gbára dì láti hu ìwà ibi náà. Nítorí ìdí èyí, kò tó láti béèrè bóyá ènìyàn gbàgbọ́ tàbí kò gbàgbọ́. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni pé: irú ìgbàgbọ́ wo, láàrin àwọn wo, àti lábẹ́ ètò wo ni ó ń dènà ìwà ọ̀daràn?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti wí

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn. Ní ọdún 1969, Travis Hirschi àti Rodney Stark tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ ní ìpínlẹ̀ California ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì gbà pé ìyà ń bẹ lẹ́yìn ikú, máa ń rú òfin kéré sí àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò fi ìyàtọ̀ gidi kan hàn láàrin àwọn ọ̀dọ́ náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1982, Stark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sórí rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé apá ibi tí a ti ṣe ìwádìí àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn kò ti pọ̀. Nígbà tí wọ́n wo àwọn ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ti jẹ́ ẹlẹ́sìn, wọ́n rí i pé ìgbàgbọ́ ń dín ìwà ìrúfin àwọn ọ̀dọ́ kù níbẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ìgbàgbọ́ tí ẹnì kan dá nìkan gbé sọ́kàn kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó ń lágbára nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́, aládùúgbò àti ẹbí bá ń fi ojú kan náà wo rere àti búburú. Ní ọdún 2001, Colin Baier àti Bradley Wright kó ìwádìí 60 jọ lórí kókó yìí. Àbájáde àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ àti ìṣesí ẹ̀sìn ń dín ìwà ọ̀daràn kù níwọ̀nba.

Ẹni tó bá mọ àṣà Yorùbá yóò rí i pé ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kò jìnnà sí ohun tí àwọn baba wa fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò ààbò wọn. Àwọn náà mọ̀ pé òrìṣà kì í dá ìlú ṣọ́.

Ojú tí ń rí kọ̀rọ̀

Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní ọdún 1962, fi hàn pé nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ìwà ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀sìn, àti pé Olódùmarè ni onídàájọ́ tí ohunkóhun kò pamọ́ fún. Òwe Yorùbá kan tilẹ̀ kì í nílọ̀ pé, “Amóòkùn ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́.” Ọ̀rọ̀ náà ṣe kókó. Ọba ayé ní ẹ̀ṣọ́, ó ní ìlàrí, ṣùgbọ́n òkùnkùn lè bo ojú wọn. Ẹni tó bá gbà pé ojú mìíràn wà tí òkùnkùn kò lè bò yóò máa ṣọ́ ara rẹ̀ níbi tí ẹ̀ṣọ́ kò sí. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kò ná ìlú lówó, kò sì ní í sùn lóru.

Ojú yìí kò sí ní òde nìkan. Yorùbá ní ohun kan tí a ń pè ní ifá àyà, èyí ni ẹ̀rí ọkàn tí ń bá ènìyàn wíjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá a wíjọ́. Wándé Abímbọ́lá náà ṣe àlàyé kíkún lórí ìwà pẹ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ̀sìn Yorùbá fi ń wọn ọmọlúàbí. Láti inú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí, a lè sọ pé oríṣi ìbẹ̀rù méjì ló wà nínú ìgbàgbọ́: ìbẹ̀rù ìyà àti ìbẹ̀rù ìbàjẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìyà nìkan yóò máa wá ọ̀nà tí ìyà kò fi ní í kan òun. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ìwà òun yóò bàjẹ́ kò ní ibi tí yóò sá sí, nítorí ara rẹ̀ ni yóò sá fún. Olóṣèlú tí ń wá ohun tí yóò fi di Ògún lójú ní ìbẹ̀rù àkọ́kọ́, kò ní èkejì.

Ààlè: ìgbàgbọ́ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà

Ààlè ni àmì tí ènìyàn fi sára ohun ìní rẹ̀, pàápàá èyí tí kò lè dúró tì, láti sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé nǹkan náà ní olúwa. Ó lè jẹ́ igi ìdáná tí a dì sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó lè jẹ́ igi eléso tàbí ebè iṣu. Ohun tí a fi ń pààlè kì í ṣe ohun iyebíye rárá. Àjókù ìgbálẹ̀, àkísà, bàtà tó ti gbó, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àwọn nǹkan báyẹn ni. David T. Doris kọ odidi ìwé kan lórí rẹ̀, *Vigilant Things*, tó jáde ní ọdún 2011. Ó fi hàn pé bí àwọn ohun wọ̀nyí ṣe bàjẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ṣùkù àgbàdo ti pàdánù gbogbo ọmọ ara rẹ̀, a sì ti sọ ọ́ nù. Bàtà gbígbó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò náání. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò dà bí ohun tó rí níbẹ̀.

Bí a bá wo ààlè dáadáa, a ó rí i pé àwọn nǹkan mẹ́ta tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ló gbé e ró. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń kọjá gbọ́dọ̀ lè ka àmì náà, kí ọkàn rẹ̀ sì dá a lóhùn. Àjèjì tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò rò pé pàǹtí ni. Èkejì, gbogbo àdúgbò ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹni tó pààlè náà. Ẹni tó jalè níbẹ̀ kò ṣẹ olóko nìkan, ó ti fojú di ohun tí gbogbo wọn jọ gbà. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà àbáyọ wà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ bá jẹ́wọ́, tó sì tọ olóko lọ, olóko lè wá ẹ̀rọ̀ fún un. Ìbẹ̀rù ìyà ń lé e lọ síbi tí yóò ti bá ẹni tó ṣẹ̀ ṣe àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjà tí a ń pa tì sẹ́bàá ọ̀nà oko tún fi ìdí èyí múlẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ọlọ́jà lè kó iṣu tàbí èso sílẹ̀ kí ó sì gbé òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá fẹ́ rà yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì mú ọjà lọ. Kì í ṣe pé kò sí olè láyé ìgbà náà. Bí kò bá sí olè, kí ni a fẹ́ fi ààlè ṣe? Ohun tó wà ni pé ènìyàn, òrìṣà àti orúkọ ìdílé jọ ń ṣọ́ ọjà náà ni.

Ní ìlú ńlá òde òní, nǹkan ti yí padà. Lára ògiri ilé ni a ti ń rí àkọlé pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí oníjìbìtì má baà tà á fún ẹni tí kò mọ̀dí. Ààlè ni èyí náà, ṣùgbọ́n kò ní òrìṣà nínú. Àwọn tó ń kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn tó ń kọjá kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà, wọn kì í sì í ṣe ará àdúgbò kan náà. Ní ọwọ́ kejì, ẹni tó lẹ ọ̀rọ̀ Bíbélì tàbí ti Kùránì mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nítorí olè ṣì ń pààlè ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ̀ bóyá olè tí yóò kà á gba ohun tí òun gbà gbọ́.

Ìbúra: láti ojúbọ dé ilé-ẹjọ́

Ẹni tó ń búra ń pe èpè sórí ara rẹ̀ bí ó bá purọ́. Ní àwọn ilé-ẹjọ́ wa, ẹlẹ́rìí lè fi Bíbélì tàbí Kùránì búra, ẹni tó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe sì lè fi irin Ògún búra. Ìbúra àwọn tó ń gba ipò ìjọba, èyí tó wà nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, fi ẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run ran olùbúra lọ́wọ́ parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, òfin òde òní pàápàá kò tíì kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ọlọ́pàá kò lè wo inú ọkàn.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé Ọlọ́run àwọn onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí ń forí jini jù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ búra èké, ṣùgbọ́n Ògún kì í fi ọ̀rọ̀ dọ́la. A kò lè gba èyí wọlé bẹ́ẹ̀. Òfin Mẹ́wàá nínú Bíbélì kìlọ̀ gidigidi nípa pípe orúkọ Ọlọ́run lásán. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ka ìbúra èké sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, Kùránì sì la ìtánràn sílẹ̀ fún ẹni tó bá da ìbúra, lára rẹ̀ ni bíbọ́ aláìní mẹ́wàá tàbí gbígba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ẹ̀kọ́, kò sí ẹ̀sìn kankan tó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbúra.

Ìyàtọ̀ náà wà nínú ètò. Ẹni tó búra níwájú ojúbọ láyé àtijọ́ ń búra lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n mọ bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ọmọ rẹ̀. Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, wọn yóò rántí ọjọ́ tó búra. Ìmùlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí a jọ mu ni ẹlẹ́rìí, ibi gbogbo tí ènìyàn bá sì tẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Peter Morton-Williams, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ògbóni ní Ọ̀yọ́ tó jáde ní ọdún 1960, ṣàlàyé bí títa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tí Ògbóni sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Ní ilé-ẹjọ́ òde òní, akọ̀wé a sáré ka ọ̀rọ̀ ìbúra, ẹlẹ́rìí a sáré tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìgbà ní èdè tí kò yé e dáadáa, lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ́rìí èké, ṣùgbọ́n ta ni ó bẹ̀rù rẹ̀? Ohun tó sọ ìbúra di yẹpẹrẹ ni pé a ti yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn tí ń rántí.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn

Ó yẹ kí á sọ òdìkejì ọ̀rọ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọlọ́ṣà tó lọ wá àféèrí tàbí ayẹta gbàgbọ́ nínú agbára àìrí, ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni ó sì fún un láyà láti jáde. Ọ̀dọ́ tó gbà pé ẹ̀yà ara ènìyàn lè di owó ti sọ ìgbàgbọ́ di ìdí ìpànìyàn. Àwọn olùtọ́jú ojúbọ pàápàá ti ṣi agbára lò rí. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ròyìn bí àwọn oníṣàngó ṣe máa ń kó ẹrù ilé tí àrá bá sán pa, tí wọ́n sì ń gba owó ìtánràn gọbọi lọ́wọ́ àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá. Ẹni tí àjálù bá sì tún di ẹlẹ́bi.

Ìbúra náà ti di ẹ̀wọ̀n lọ́rùn àwọn ẹlòmíràn. Ní agbègbè Ẹdó, àwọn tó ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí Yúróòpù fún iṣẹ́ aṣẹ́wó máa ń mú wọn búra níwájú ojúbọ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n fi ń dè wọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ sá, wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì gbọdọ̀ san gbèsè tí a kà sí wọn lọ́rùn. Nàìjíríà ti ṣe òfin lórí fífi ènìyàn ṣòwò láti ọdún 2003, a sì tún un ṣe ní ọdún 2015. Àmọ́ òfin kò lè mú ẹ̀rù ìbúra kúrò lọ́kàn ẹlẹ́rìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Ìbíní pe àwọn aláwo jọ. Ó fi àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò àti àwọn tó ń mú wọn búra gégùn-ún, ó sì kéde pé òun ti tú gbogbo àwọn tí irú ìbúra bẹ́ẹ̀ dè sílẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí ìgbàgbọ́ dì, ìgbàgbọ́ ni ó tú u. Ẹni tó tú u sì jẹ́ ẹni tí gbogbo àwùjọ gbà pé àṣẹ rẹ̀ ga ju ti aláwo kọ̀ọ̀kan lọ. Bí àwùjọ bá dákẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá ìgbàgbọ́ mú ni yóò lò ó fún ìfẹ́ inú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Láti inú àlàyé wọ̀nyí, a lè mú àbá mẹ́rin wá.

Àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn gbogbo padà sórí ẹ̀kọ́ ìwà. Níbi tí a bá ti ń fún ọlọ́rọ̀ ní àga iwájú láìbéèrè orísun ọrọ̀ rẹ̀, a ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn pé ojú ọ̀run kò rí nǹkan kan. Ìwàásù ọdún kan kò lè pa ohun tí àga kan ṣoṣo sọ rẹ́.

Èkejì ni pé kí a dá iyì ìbúra padà ní àwọn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí búra ní èdè tó gbọ́, pẹ̀lú ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́, kí adájọ́ sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un lójú àwọn ará rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹnikẹ́ni fi ohun tí kò gbàgbọ́ búra. Abala 38 nínú Ìwé Òfin 1999 fi ẹ̀tọ́ ìgbàgbọ́ fún oníkálùkù. Yàtọ̀ sí èyí, ìbúra tí a fi ipá mú ènìyàn ṣe kò ní ibi tí yóò gbà wọ inú ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ìjẹ́wọ́, dídá ohun tí a jí padà, ètùtù, ìrònúpìwàdà àti ìtúúbá jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbilẹ̀ láàrin wa mọ̀. Òfin Ìṣàkóso Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 náà fi àyè sílẹ̀ fún sísan owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ìforíjì tí kò bá mú ìdápadà lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀bùn fún olè láti inú àpò ẹni tó jà lólè.

Ẹ̀kẹrin ni ààlà. Ìgbàgbọ́ lè ṣọ́ni, kò gbọdọ̀ di apànìyàn. Abala 207 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà ka fífi májèlé, epo gbígbóná tàbí ẹranko búburú dán afurasí wò sí ohun tí kò bófin mu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ààlè ń kìlọ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀ kí ó tó ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò báyìí ń fìyà jẹ ẹni tí a kàn fura sí. Opó, àgbàlagbà obìnrin àti àjèjì ni ó sì sábà máa ń jìyà irú ìfura bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìgbàgbọ́ lè dín ìwà ọ̀daràn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí oògùn tí a gbé mì tí ara sì yá. Ààlè lágbára nígbà tí ọkàn ẹni tó ń kọjá mọ̀ ọ́n kà, tí àdúgbò gbè é lẹ́yìn, tí ọ̀nà ìpadàbọ̀ sì wà fún ẹni tó ṣẹ̀. Ìbúra lágbára nígbà tí a ṣe é lójú àwọn tí yóò rántí. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn wọ̀nyí, a ó kàn ní ṣùkù àgbàdo lórí igi, tàbí ìwé mímọ́ lọ́wọ́ òpùrọ́.

Ìdáhùn mi sí akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè nípa irin Ògún wá rí báyìí: bí a bá gbé irin fún olóṣèlú láìjẹ́ pé àwa ará ìlú ṣetán láti rántí ohun tó búra lé lórí, láti bi í léèrè, àti láti kọ owó rẹ̀ nígbà tó bá gbé e wá sí ilé ìjọsìn wa, irin lásán ni a gbé lé e lọ́wọ́. Ògún kì í dá ìlú ṣọ́. Àwa tí a ń pe orúkọ rẹ̀ ni ojú tó fi ń wòye láàrin ọjà.